Bí A Ṣe Lè Wo Fíìmù Àtijọ́ Kí A Sì Jẹ Ìgbádùn Rẹ̀

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ti gbọ́ pé fíìmù kan tí wọ́n ṣe ní nǹkan bí 80 ọdún sẹ́yìn dára púpọ̀, tí wọ́n wá a kàn, tí wọ́n jókòó tì í, ṣùgbọ́n kí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó pé, oorun ti ń kùn wọ́n tàbí ọwọ́ wọn ti lọ sórí fóònù. Wọn a wá máa rò nínú ara wọn pé bóyá àwọn tí ń yin irú fíìmù bẹ́ẹ̀ kàn ń ṣe fáàrí ni. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó sábà máa ń fà á ni pé ẹ̀dà tí wọ́n rí wò kò dára, tàbí pé tẹlifíṣọ̀n wọn ti ba àwòrán náà jẹ́, tàbí pé fíìmù tí ó yẹ kí wọ́n wò ní ìgbà tí ojú wọn bá ti là ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, wọ́n ń retí kí fíìmù náà ṣe gbogbo iṣẹ́ fún wọn. Àwọn tí ó ń ṣe fíìmù nígbà náà kò ní ohun èlò púpọ̀. Àwọn kan kò ní ohùn, àwọn kan kò ní àwọ̀, àwọn kan sì ní òfin tí ó dí wọn lẹ́nu. Nítorí náà, wọ́n kọ́ bí a ti ń fi apá kan ìtàn sílẹ̀ kí olùwòran fi ojú àti ọkàn ara rẹ̀ parí rẹ̀. Apá tí wọ́n fi sílẹ̀ yìí gan-an ni adùn wà, òun náà ni kò sì jẹ́ kí iṣẹ́ wọn di ohun ìgbàgbé. Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé ni bí ènìyàn ṣe lè ṣètò ara rẹ̀, ẹ̀dà tí yóò wò, àti ojú tí yóò fi wò ó, kí ó lè ṣe ìpín tirẹ̀ nínú iṣẹ́ náà.

Fíìmù tí ó yẹ kí a fi bẹ̀rẹ̀

Ẹ má ṣe mú àkójọ àwọn fíìmù tí a sọ pé ó dára jù lọ láyé kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí èkíní. Ìwé ìròyìn Sight and Sound ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń bi àwọn lámèyítọ́ fíìmù ní irú ìbéèrè yìí ní ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá láti 1952. Bicycle Thieves, fíìmù láti Ítálì, ni ó gba ipò kìíní lọ́dún náà. Citizen Kane gbà á ní 1962, kò sì fi í sílẹ̀ títí Vertigo fi gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní 2012. Ní 2022, ó bọ́ sọ́wọ́ Jeanne Dielman tí Chantal Akerman darí, fíìmù tí ó lé ní wákàtí mẹ́ta, tí èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ jẹ́ obìnrin kan tí ń ṣe iṣẹ́ ilé. Kò sí èyí tí kò níyì nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ṣùgbọ́n ẹni tí kò tíì wo irú rẹ̀ rí, tí ó bá fi fíìmù Akerman bẹ̀rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ó má wo fíìmù àtijọ́ mìíràn mọ́ láé. Irú àkójọ bẹ́ẹ̀ wúlò fún ẹni tí ó ti wọ inú ọ̀rọ̀ náà, tí ó wá ń wá ibi tí yóò kọjú sí.

Ohun tí ẹ ti fẹ́ràn tẹ́lẹ̀ ni kí ẹ tẹ̀ lé. Bí ó bá jẹ́ pé ìtàn tí ń dẹ́rù bani ni ẹ fẹ́ràn, Psycho ti ọdún 1960 ṣì ń dẹ́rù bani. Bí ó bá jẹ́ ìjà àti ọgbọ́n ogun, Seven Samurai wà níbẹ̀, èyí tí Akira Kurosawa ṣe ní Japan ní 1954. Ìṣẹ́jú 207 ni gígùn rẹ̀, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ní ibi ìsinmi láàárín, nítorí náà bí ẹ bá pín in sí alẹ́ méjì, ẹ kò ṣẹ̀ sí ẹnikẹ́ni. Bí ẹ̀rín ni ẹ ń wá, Sherlock Jr. tí Buster Keaton ṣe ní 1924 kò ju ìṣẹ́jú 45 lọ, kò ní ohùn, kò sì nílò rẹ̀. Ẹ tún lè wo Safety Last! ti 1923, níbi tí Harold Lloyd ti ń gun ara ilé gíga kan títí ó fi rọ̀ mọ́ ọwọ́ aago tí ó wà lára ilé náà. Àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀ ọwọ́ ọ̀tún Lloyd ti gé dànù nínú ìjàǹbá kan ní 1919, ìbọ̀wọ́ ni ó sì fi ń bo àbùkù náà nínú fíìmù. Ẹni tí ó bá mọ èyí kó tó wò ó kì í lè jókòó jẹ́ẹ́.

Fún ẹni tí kò mọ èyí tí yóò mú, 12 Angry Men ni mo máa ń tọ́ka sí, èyí tí Sidney Lumet darí ní 1957. Ìṣẹ́jú 96 ni, inú yàrá kan ṣoṣo sì ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀: ọkùnrin méjìlá jókòó, wọ́n ń gbìmọ̀ bóyá kí wọ́n dá ọ̀dọ́mọkùnrin kan lẹ́bi ìpànìyàn tàbí kí wọ́n dá a sílẹ̀. Ènìyàn kò ní láti mọ ohunkóhun nípa ìtàn sinimá kí ó tó gbádùn rẹ̀, èmi yóò sì tún padà sórí rẹ̀ nítorí pé ohun tí kámẹ́rà ń ṣe nínú fíìmù yìí jẹ́ odidi ẹ̀kọ́.

Fíìmù méjì kan wà tí mo rò pé ó yẹ kí a fi sílẹ̀ di ẹ̀yìn. Èkíní ni Citizen Kane. Ọmọ ọdún 25 ni Orson Welles nígbà tí ó ṣe é jáde ní 1941, òun àti Gregg Toland tí ó bójú tó kámẹ́rà sì ṣe é tó bẹ́ẹ̀ tí ohun tí ó wà nítòsí àti èyí tí ó wà ní òkèèrè fi hàn kedere pa pọ̀, tí a sì ń rí òrùlé yàrá lókè orí àwọn òṣèré. Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn ti fara wé e tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó bá kọ́kọ́ wò ó yóò fi rò pé òun ti rí gbogbo rẹ̀ rí. Ẹ kọ́kọ́ wo fíìmù bíi mẹ́fà tàbí méje láti àwọn ọdún 1930, ẹ ó wá rí ohun tí ó yí padà. Èkejì ni àwọn fíìmù tí wọ́n ṣe láàárín 1928 sí 1930, nígbà tí ohùn ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ inú sinimá. Kámẹ́rà ń pariwo, nítorí náà wọ́n tì í mọ́nú àpótí kí gbohùngbohùn má bàa gbọ́ ọ, àwọn òṣèré sì ń rọ́ jọ síbi tí wọ́n gbé gbohùngbohùn pa mọ́ sí. Yàtọ̀ sí díẹ̀ nínú wọn, èyí tí ó pọ̀ jù wúlò fún ẹni tí ń ṣe ìwádìí ju ẹni tí ń wá ìgbádùn lọ.

Ẹ̀dà tí ó yẹ kí a wò

Títí di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, orí fọ́nrán nitrate ni wọ́n ń tẹ fíìmù sí, ohun tí iná tètè ń ràn, tí ó sì máa ń jẹrà fúnra rẹ̀ bí a kò bá tọ́jú rẹ̀ síbi tí ó tutù. Ilé ìkàwé ńlá ti ìjọba Amẹ́ríkà, Library of Congress, gbé ìwádìí kan jáde ní 2013 tí ó fi hàn pé nǹkan bí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn fíìmù gígùn aláìlóhùn tí wọ́n ṣe ní orílẹ̀-èdè náà ni ó ti sọnù pátápátá. Iná àti ìjẹrà nìkan kọ́ ló fà á. Nígbà tí fíìmù olóhùn dé, àwọn ilé iṣẹ́ tí ó ni àwọn ti àtijọ́ rò pé kò sí ẹni tí yóò béèrè wọn mọ́. Wọ́n da àwọn kan nù, wọ́n sì yọ fàdákà tí ó wà lára àwọn mìíràn tà.

Nítorí náà, ohun tí ẹ ń wò lónìí lè jẹ́ ẹ̀dà tí wọ́n kó jọ láti inú àjákù oríṣiríṣi. Fíìmù Carl Dreyer lórí ìgbẹ́jọ́ Joan ti Arc, ọmọbìnrin Faransé tí wọ́n dáná sun láyé àtijọ́, tí ó jáde ní 1928, jóná ní ìpilẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Èyí tí Dreyer tún tò pọ̀ láti inú àwọn àwòrán tí kò lò tẹ́lẹ̀ náà tún jóná. Àfi ní 1981 tí wọ́n rí ẹ̀dà àkọ́kọ́ nínú ilé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ ní Oslo. Metropolis tí Fritz Lang ṣe ní Jámánì ní 1927, gígé ni wọ́n ń gé e kiri fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí wọ́n fi rí ẹ̀dà kan tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ní Buenos Aires ní 2008. Ẹ̀dà tí wọ́n tún ṣe jáde ní 2010 gùn tó nǹkan bí wákàtí méjì àti ààbọ̀. Bí ẹ bá rí Metropolis tí kò ju wákàtí kan àti ìṣẹ́jú ogún lọ, ẹ mọ̀ pé nǹkan bí ìdajì rẹ̀ ni wọ́n gbé fún yín, ẹ má sì dá Lang lẹ́bi bí ìtàn náà kò bá yé yín.

Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí a wo gígùn fíìmù ná, kí a sì fi wéra pẹ̀lú gígùn tí àwọn ilé ìkópamọ́ fíìmù kọ sílẹ̀ fún un. Ohun kejì ni kí a wò ó bóyá a kọ orúkọ àwọn tí ó tún un ṣe sí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Bí ẹ bá rí orúkọ Cineteca di Bologna, tàbí Cinémathèque française, tàbí British Film Institute, tàbí The Film Foundation tí Martin Scorsese dá sílẹ̀ ní 1990, ọkàn yín lè balẹ̀. Pather Panchali tí Satyajit Ray ṣe ní Índíà ní 1955 jẹ́ àpẹẹrẹ ohun tí irú àwọn bẹ́ẹ̀ lè ṣe: iná ba fọ́nrán ìpilẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1993, síbẹ̀ àwọn tí ó mọṣẹ́ ṣiṣẹ́ lórí ohun tí iná kò jẹ tán, ẹ̀dà tuntun sì jáde ní 2015. Ẹni tí ó ti wo ẹ̀dà àtijọ́ tí ó kún fún èérí, tí ó wá rí tuntun yìí, yóò rò pé fíìmù mìíràn ni.

Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ ó rí ọ̀pọ̀ ẹ̀dà tí kò sí orúkọ ẹnikẹ́ni lórí rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, òfin tí ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ ẹni tí ó ni fíìmù àtijọ́ máa ń parí lẹ́yìn ọdún 95, nítorí náà àwọn fíìmù ọdún 1929 di ti gbogbo ayé ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2025. Àǹfààní ńlá ni, ṣùgbọ́n ó tún túmọ̀ sí pé ẹnikẹ́ni lè gbé ẹ̀dàkẹ́dàá síta. Bí ojú àwọn òṣèré bá funfun bí ẹfun, tí kò sí àwọ̀ eérú kankan láàárín funfun àti dúdú, tí orí àwọn tí ó dúró sì ti gé lókè, ẹ pa á, ẹ wá òmíràn. Bákan náà ni mo gbà yín níyànjú pé kí ẹ yẹra fún èyí tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà kun láwọ̀. Ní àwọn ọdún 1980, nígbà tí Ted Turner, oníṣòwò tẹlifíṣọ̀n ní Amẹ́ríkà, ń kun àwọn fíìmù àtijọ́ fún tẹlifíṣọ̀n, àwọn olùdarí fíìmù bínú gidigidi, ìbínú wọn sì wà lára ohun tí ó bí òfin ọdún 1988 tí ó dá National Film Registry sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ìyẹn àkójọ àwọn fíìmù tí ó yẹ kí a tọ́jú. Ẹni tí ó tan iná sára ojú òṣèré nítorí àwòrán dúdú àti funfun mọ ohun tí ó ń ṣe. Àwọ̀ tí a fi bò ó lẹ́yìn náà ń pa iṣẹ́ rẹ̀ rẹ́.

Tẹlifíṣọ̀n àti yàrá

Àwòrán fíìmù àtijọ́ kò fẹ̀ tó ojú tẹlifíṣọ̀n òde òní. Ṣáájú 1953, nígbà tí CinemaScope, ọ̀nà ìyàwòrán tí ó fẹ̀ gan-an, dé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ìwọ̀n mẹ́rin sí mẹ́ta ni gbogbo wọn: bí fífẹ̀ rẹ̀ bá jẹ́ mẹ́rin, gíga rẹ̀ yóò jẹ́ mẹ́ta. Nítorí náà, ó yẹ kí ẹ rí àlàfo dúdú lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Bí kò bá sí àlàfo yìí, tí ojú gbogbo ènìyàn sì gbòòrò bí ẹni tí ó wú, tẹlifíṣọ̀n yín ti ń na àwòrán náà. Ẹ wá ibi tí a ti ń ṣètò ìwọ̀n àwòrán, kí ẹ dá a padà sí bí ó ṣe wà.

Ohun tí ó tún burú ju ìyẹn lọ ni ètò kan tí ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n ń gbé wá láti ilé iṣẹ́, èyí tí ń mú kí àwòrán máa yọ̀ wẹ̀lẹ̀wẹ̀lẹ̀. Àwòrán 24 ni fíìmù olóhùn máa ń fi hàn ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ṣùgbọ́n tẹlifíṣọ̀n yìí á máa dá àwòrán tí ẹnikẹ́ni kò yà kún àárín wọn. Ó dára fún bọ́ọ̀lù. Ó ń sọ fíìmù di ohun tí ó jọ ìròyìn. Láti 2019 ni àwọn tí ń ṣe tẹlifíṣọ̀n ti fẹnu kò lórí ètò tí wọ́n pè ní Filmmaker Mode, tí ń pa gbogbo irú àfikún bẹ́ẹ̀. Bí tiyín bá ní in, ẹ lò ó. Bí kò bá ní in, ẹ wá ohun tí a ń pè ní motion smoothing tàbí orúkọ tí ó jọ ọ́, kí ẹ pa á.

Ní ti fíìmù aláìlóhùn, ọ̀rọ̀ ìyára tún wà níbẹ̀. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń yí kámẹ́rà nígbà náà, àwòrán tí wọ́n ń yà ní ìṣẹ́jú àáyá kan sì lè jẹ́ 16 tàbí 18 tàbí 20 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìgbà tí ohùn dé ni wọ́n tó dúró lórí 24, nítorí pé ohùn kò lè fara da kí ìyára máa yí padà. Bí wọ́n bá wá fi 24 gbé fíìmù tí wọ́n fi 16 yà, gbogbo ènìyàn inú rẹ̀ á máa sáré kúṣẹ́kúṣẹ́. Èyí ni ó mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé eré òmùgọ̀ ni fíìmù aláìlóhùn. Ẹ̀dà tí a tún ṣe dáadáa máa ń fi ìyára tí ó tọ́ gbé e. Ẹ sì rántí pé aláìlóhùn kò túmọ̀ sí pé ilé sinimá dákẹ́ rọ́rọ́: dùùrù tàbí odidi ẹgbẹ́ olórin ni ó ń bá a lọ nínú ilé sinimá. Bí ẹ bá rí ẹ̀dà tí orin rẹ̀ kò bá ìtàn mu, ó sàn kí ẹ pa ohùn rẹ̀ pátápátá ju kí ẹ fara dà á lọ.

Ẹ pa iná, ẹ gbé fóònù sí yàrá mìíràn. Kò sí ohun tí mo fẹ́ fi kún ìyẹn.

Ojú tí a fi ń wò ó

Ẹ fún fíìmù náà ní nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú kí ẹ tó dájọ́. Láyé ìgbà náà, orúkọ àwọn òṣèré àti òṣìṣẹ́ ni ó máa ń ṣáájú, orin á sì máa dún lábẹ́ rẹ̀. Ẹ má fò ó, nítorí àsìkò yẹn ni ọkàn olùwòran ń kúrò níta wọnú ìtàn. Lẹ́yìn ìyẹn, wọn kì í kánjú. Ẹni tí fíìmù òde òní ti mọ́ lára, tí àwòrán ń yí padà ní ìṣẹ́jú àáyá méjì tàbí mẹ́ta, yóò kọ́kọ́ rò pé nǹkan kò ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwòrán kan bá dúró pẹ́, olùdarí ti fún yín láyè láti yan ibi tí ẹ máa wò. Ẹ lo àyè náà. Ẹ wo ẹni tí kò sọ̀rọ̀. Ẹ wo ọwọ́ àwọn ènìyàn, ẹ wo ilẹ̀kùn tí ó wà lẹ́yìn wọn, ẹ wo ẹni tí ó yíjú padà nígbà tí wọ́n dárúkọ ẹnì kan.

Lev Kuleshov, ará Rọ́ṣíà, ṣe àdánwò kan ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn tí ó ṣàlàyé ohun tí ojú wa ń ṣe. Ó mú àwòrán ojú òṣèré kan tí kò fi ìmọ̀lára kankan hàn, ó fi í tẹ̀ lé àwòrán àwo ọbẹ̀, ó tún fi ojú kan náà tẹ̀ lé àwòrán pósí. Àwọn tí ó wò ó yin òṣèré náà pé ó mọ bí a ti ń fi ebi hàn, ó sì mọ bí a ti ń fi ìbànújẹ́ hàn. Òṣèré náà kò ṣe ohunkóhun. Àwọn olùwòran ni wọ́n ṣe é. Bí ẹ bá ti mọ èyí, ẹ ó máa ṣàkíyèsí ìgbà tí fíìmù bá fẹ́ kí ẹ̀yin ni ẹ so nǹkan méjì pọ̀.

Òfin pẹ̀lú kọ́ wọn ní ọgbọ́n yìí. Láti 1934 títí di 1968, àwọn ilé iṣẹ́ fíìmù ńláńlá ní Amẹ́ríkà wà lábẹ́ òfin kan tí wọ́n fi orúkọ Will Hays, olórí ẹgbẹ́ àwọn ilé iṣẹ́ náà, pè, tí ó sọ ohun tí a kò gbọ́dọ̀ fi hàn: ìhòòhò, èébú, ọ̀daràn tí ìyà kò jẹ, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ kò mọ́gbọ́n dání, apá kan nínú rẹ̀ sì jẹ́ ìkà, bí èyí tí ó ka ìfẹ́ láàárín funfun àti dúdú léèwọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó gbọ́n kò dákẹ́. Nígbà tí Alfred Hitchcock ń ṣe Notorious ní 1946, tí òfin kò fẹ́ ìfẹnukonu gígùn, ó ní kí Cary Grant àti Ingrid Bergman fẹnu konu díẹ̀, kí wọ́n sọ̀rọ̀ díẹ̀, kí wọ́n tún fẹnu konu, kí wọ́n tún rìn lọ sídìí tẹlifóònù láìtú ara wọn sílẹ̀. Kò sí ọ̀kan tí ó gùn nínú wọn, síbẹ̀ ìran náà lé ní ìṣẹ́jú méjì, ó sì gbóná ju ohun tí òfin ń sá fún lọ. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fọ́mọlúwàbí, tó bá dénú rẹ̀ a di odidi. Bí wọ́n ṣe ń ṣe fíìmù nìyẹn. Nígbà tí ilẹ̀kùn bá tì, tí àwòrán sì ṣókùnkùn, ẹ bi ara yín léèrè ohun tí wọ́n kò fi hàn. Ẹni tí kò bá béèrè yóò rò pé àwọn ará àtijọ́ kò mọ nǹkan kan.

Ní báyìí, a lè padà sórí 12 Angry Men. Ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kámẹ́rà wà lókè orí àwọn ọkùnrin náà díẹ̀, awò tí Lumet sì lò fi yàrá náà hàn bí ẹni pé ó láyè. Ní àárín fíìmù, kámẹ́rà sọ̀ kalẹ̀ wá sí ìwọ̀n ojú wọn. Ní ìparí, ó ti lọ sísàlẹ̀, ó ń wo wọn láti abẹ́ lọ sókè, a sì bẹ̀rẹ̀ sí rí òrùlé. Bẹ́ẹ̀ ni ó ń yí awò padà sí èyí tí ń mú kí ògiri dà bí ẹni pé ó ń sún mọ́ wọn lẹ́yìn. Yàrá kan náà ni, kò dín kù. Ṣùgbọ́n olùwòran yóò máa rí i pé ara òun ń há, láìmọ ohun tí ó fà á, títí wọ́n fi jáde síta, tí Lumet yí padà sí awò tí ó fẹ̀, tí ènìyàn sì mí kanlẹ̀. Kò sí ẹnì kan tí ó sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ nínú fíìmù náà. Iṣẹ́ tí ó fara pa mọ́ báyìí ni mo ń wá nínú gbogbo fíìmù àtijọ́ tí mo bá wò, ìdí rèé tí n kò fi gbà pé wọ́n lọ́ra.

Ní ti dúdú àti funfun, ẹ máa wo ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti wá. Ẹ wo ẹni tí wọ́n tan iná sí lójú àti ẹni tí ìdajì ojú rẹ̀ wà nínú òjìji. Àìní àwọ̀ máa ń ran irọ́ lọ́wọ́ pẹ̀lú: ẹ̀jẹ̀ tí ń ṣàn nínú ilé ìwẹ̀ ní Psycho, omi ṣokoléètì ni. Ní ti bí wọ́n ṣe ń ṣeré, òótọ́ ni pé àwọn kan gbé e wá láti orí ìtàgé, tí ọwọ́ wọn ń ju síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ẹni tí ó bá rò pé gbogbo òṣèré aláìlóhùn ni ó rí bẹ́ẹ̀, kí ó lọ wo Renée Falconetti nínú fíìmù Dreyer tí mo mẹ́nu bà lókè. Kò kun ojú, kámẹ́rà sì sún mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀ tí omijé rẹ̀ fi jẹ́ ìṣẹ̀lẹ̀ fúnra rẹ̀.

Bí fíìmù bá jẹ́ ti èdè tí ẹ kò gbọ́, èyí tí a kọ ọ̀rọ̀ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni kí ẹ mú, kì í ṣe èyí tí wọ́n fi ohùn ẹlòmíràn bò. Ohùn òṣèré jẹ́ ìdajì iṣẹ́ rẹ̀.

Ohun tí ó lè bí wa nínú

Ẹ ó bá ẹ̀gbin pàdé. Fíìmù The Birth of a Nation tí D. W. Griffith ṣe ní 1915 jẹ́ ìwé ẹ̀kọ́ nípa bí a ti ń to àwòrán pọ̀, ó sì tún jẹ́ ọ̀rọ̀ ìkórìíra sí àwọn ènìyàn dúdú, tí ó ran ẹgbẹ́ Ku Klux Klan lọ́wọ́ láti tún dìde. Hattie McDaniel ni ènìyàn dúdú àkọ́kọ́ tí ó gba àmì ẹ̀yẹ Oscar, ní 1940, nítorí ipa ìránṣẹ́ tí ó kó nínú Gone with the Wind. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, tábìlì ọ̀tọ̀ ni wọ́n fi í sí. N kò gbà pé ó di dandan kí ẹnikẹ́ni wo fíìmù tí ń bú u dópin. Ohun tí mo gbà ni pé bí ẹ bá wò ó, ẹ má ṣe wo òun nìkan. Oscar Micheaux, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà ní Amẹ́ríkà, ṣe Within Our Gates ní 1920, ó sì fi ìwà ìkà tí Griffith gbé lárugẹ hàn ní ojú ẹni tí ó ń jìyà rẹ̀. Fíìmù náà sọnù títí wọ́n fi rí ẹ̀dà kan ní Spéènì tí wọ́n ti yí orúkọ rẹ̀ padà sí La Negra. Library of Congress tún un ṣe ní 1993. Bákan náà, ẹni tí ó bá ti wo ọ̀pọ̀ fíìmù tí Áfíríkà ti jẹ́ igbó àti ẹranko lásán yóò rí ìdáhùn tí ó ṣe ṣókí nínú Borom Sarret, tí Ousmane Sembène ṣe ní Dakar ní 1963. Ìtàn ọjọ́ kan ṣoṣo ni, ti ọkùnrin kan tí ń fi kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin ṣiṣẹ́ jẹun, kò sì gùn ju nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú lọ.

Ìgbà kejì

Nígbà àkọ́kọ́, ìtàn ni ojú wa ń tẹ̀ lé. Ìgbà kejì ni a tó ń rí bí wọ́n ṣe ṣe é, nítorí náà, fíìmù tí ó bá dùn mọ́ yín, ẹ tún un wò láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ẹ gbìyànjú láti pa ohùn rẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ sì wo bóyá ìtàn náà ṣì yé yín. Nínú 12 Angry Men, apá ìparí ni kí ẹ ti ṣe èyí, níbi tí òrùlé ti ń hàn. Bí ẹ bá lè wò ó pẹ̀lú ẹlòmíràn, ó sàn bẹ́ẹ̀, nítorí ohun tí ẹ̀yin kò rí, òun lè rí i.

Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ̀ lé ènìyàn kan láti inú fíìmù kan bọ́ sí òmíràn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń tẹ̀ lé òṣèré tàbí olùdarí, tàbí kí wọ́n fi fíìmù wé èyí tí wọ́n yọ láti inú rẹ̀, bí ẹni tí ó wo Seven Samurai tán tí ó wá mú The Magnificent Seven ti 1960. Èmi fẹ́ràn kí a tẹ̀ lé ẹni tí ó di kámẹ́rà mú. Boris Kaufman ni ó ya 12 Angry Men. Òun náà ni ó ya On the Waterfront ní 1954, èyí tí ó gba Oscar fún. Ṣáájú ìyẹn, ní Faransé, ó ya L'Atalante fún Jean Vigo, tí ó kú ní ọmọ ọdún 29 ní 1934 tí fíìmù náà jáde, lẹ́yìn tí àwọn tí ń tà á ti gé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Nítorí náà, ẹ̀dà tí wọ́n tún tò pọ̀ ní 1990 tàbí lẹ́yìn rẹ̀ ni kí ẹ wá. Ẹ̀gbọ́n Kaufman ni Dziga Vertov, ẹni tí ó ṣe Man with a Movie Camera ní Sófíẹ̀tì ní 1929, fíìmù tí kò ní ìtàn, tí kò ní òṣèré, tí kò sì kọ ọ̀rọ̀ kankan sáàárín àwòrán. Ìṣẹ́jú 68 péré ni. Ní ọjọ́ tí ẹ bá dé orí ìyẹn, ẹ yan ẹ̀dà tí orin rẹ̀ dára, kí ẹ sì gbé ohùn rẹ̀ sókè.